Lóònù ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́: màmá àgbà ní ìdílé wa ò yá owó rí

ỌmọỌ̀bọkún (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí wọlé sí OAU, ọdún kìíní, mo sì fẹ́ kí ẹ là mí lóye.

Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Bàbá mi ti ṣaláìsí láti ìgbà tí mo wà ní JSS 3. A ti ṣírò owó ìwọlé, owó ibùsùn, ìwé àti owó ọkọ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò pé. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n lọ gba lóònù NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, pé ìjọba á san owó ilé-ìwé fún mi, tó bá di ọjọ́ iwájú n ó san án padà.

Mo délé sọ ọ́. Ẹ̀wà ni màmá àgbà ń ṣà lọ́wọ́. Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó ní: "Ìdílé wa ò jẹ gbèsè. Àwa là ń sin gbèsè." Ẹ má bá a wí, òṣómàáló ni bàbá àgbà nígbà ayé wọn. Wọ́n á ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní mu omi, àfi kí owó wọn pé. Màmá àgbà ní ìjọba ló máa wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wa báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní èlé? Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wọn? Tí mi ò bá ríṣẹ́ ńkọ́? Ṣé nǹkan míì sì wà tí kì í ṣe gbèsè?

Kọ́lá_Áwò (Ifẹ̀, ọdún kẹta)

Kò ní èlé. Èmi ń gbà á. Lọ gbà á.

ÀǹtíLágere (Ifẹ̀)

Kọ́lá, ìwọ náà! Ọmọ yìí béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin, o fún un ní gbólóhùn mẹ́ta.

Ọmọ mi, mo ní káfẹ̀ ní Lágere, ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ fọ́ọ̀mù yìí. Kí n ti kọ́kọ́ sọ èyí tó lè dín owó tèmi kù: ìjọba ò gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù náà. Bó o bá ní fóònù àti dátà, o lè dá a ṣe nínú yàrá rẹ. Ẹni tó bá ní kí o san "owó ìṣíwèé" tàbí "owó kí orúkọ tètè jáde", olè ni. Ẹni tó bá ní kí o ka nọ́ńbà OTP tó wọ fóònù rẹ fún òun, olè tó burú jùyẹn lọ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Orí ojú-òpó NELFUND fúnra wọn ni wàá lọ, nelf.gov.ng, kì í ṣe ìjápọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà JAMB rẹ wá ọ, lẹ́yìn náà wàá yan ilé-ìwé rẹ. Nọ́ńbà mátíríìkì ni wọ́n máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tuntun bíi tìrẹ tí kò tíì ní in lè lo ti JAMB tàbí ti ìwé ìgbaniwọlé. Wàá wá fi NIN sí i, àti àkáǹtì báǹkì pẹ̀lú BVN. Ìgbà yẹn ni wàá tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń tọrọ lóònù gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń dá dúró síbi tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì lójú-òpó, wọ́n á lọ sùn, wọ́n á máa retí owó. Ṣíṣí àkáǹtì kọ́ ni títọrọ o.

Ìjà tí mò ń jà lójoojúmọ́ ni orúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Orúkọ rẹ̀ lórí NIN ni Olúwatósìn, lórí JAMB wọ́n kọ Tósìn, BVN sì gbàgbé orúkọ àárín rẹ̀ pátápátá. Èèyàn kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà ní ẹni mẹ́ta ni. Mo ra búrẹ́dì fún un, mo ní kó máa lọ tún orúkọ ṣe kó tó padà wá. Àtúnṣe NIN kì í ṣe ọ̀fẹ́, ti ọjọ́ ìbí ló sì wọ́n jù. Nítorí náà kó gbogbo ìwé rẹ jọ lórí tábìlì lálẹ́ òní, kí o kà wọ́n lẹ́tà kan sí èkejì.

Adé_Modákẹ́kẹ́

Òótọ́ ni Àǹtí sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mo jìyà rẹ̀.

Ilé-ìwé tí mo wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe ní Ifẹ̀ níbí. Mo tọrọ lóònù. Wọ́n ní ó ti gba ìfọwọ́sí. Mo ń retí, owó ò dé. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti fẹ́ parí, ojú-òpó ilé-ìwé kò jẹ́ kí n mú kọ́ọ̀sì nítorí mi ò tíì sanwó. Màmá mi lọ gbé èésú tó yẹ kó gbà lóṣù kejì, ó bẹ olórí èésú kí wọ́n yí i síwájú fún òun. A san án. Kò pé oṣù méjì, owó NELFUND náà dé, ilé-ìwé mú owó tiwa lọ́wọ́ kan, wọ́n mú ti ìjọba lọ́wọ́ kejì. Kí wọ́n dá owó màmá mi padà, ó di lọ sí yàrá yìí, lọ sí yàrá yẹn, akọ̀wé ò sí níjókòó. Àádọ́ta ọ̀nà ni mo rìn. Wọ́n dá a padà níkẹyìn, ṣùgbọ́n èésú ti lọ, oṣù ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé owó ilé-ìwé kì í gba ọwọ́ rẹ kọjá. Láti ọ̀dọ̀ NELFUND tààrà ló ń lọ sí ilé-ìwé. Tí ó bá pẹ́ lọ́nà, ìwọ ni ìyà máa jẹ. Tètè tọrọ, kí o sì máa bi wọ́n ní ilé-ìwé bóyá wọ́n ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, nítorí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ni ọ́. Gbogbo ohun tó o bá tẹ̀, ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán ojú fóònù mi ló gbà mí lọ́jọ́ tí wọ́n ní mi ò tọrọ rárá.

Ìyá_Ìbejì (Ìpetumodù)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní yunifásítì aládàáni. Ṣé òun náà lè gbà á?

ÀǹtíLágere (Ifẹ̀)

Rárá ma. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ni, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. OAU wà níbẹ̀, Yunifásítì Iléṣà náà wà níbẹ̀ torí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Bàbá_Tíṣà (Ẹnuwá)

Mo ti fẹ̀yìntì, mo sì ní àsìkò, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Màmá àgbà kò ṣe àṣejù. Lóònù akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ní 1972, láyé Gowon, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yá a. Mélòó ló san án? Wọ́n ṣetán, wọ́n ríṣẹ́, wọ́n ra Volkswagen, ìgbìmọ̀ ń kọ lẹ́tà, lẹ́tà ń padà. Ní 1993, ìjọba tún sọ ọ́ di báǹkì ẹ̀kọ́, ìyẹn náà ò débi kan. Àwọn baba wa ti wí i: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀fà. Àwọn tó kọ́kọ́ yá a ló bẹ́gi dínà fún àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn, ọgbọ̀n ọdún gbáko.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní June 2023. Òfin yẹn le: ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò bá tó ₦500,000 lọ́dún nìkan ló lè gbà á, onídùúró méjì sì gbọ́dọ̀ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gòkè tàbí agbẹjọ́rò. Ọmọ tálákà wo ló mọ agbẹjọ́rò méjì? Wọ́n pa á tì, wọ́n tún un kọ, wọ́n fọwọ́ sí tuntun ní April 2024. Wọ́n yọ onídùúró kúrò, wọ́n yọ ìwọ̀n owó ìdílé kúrò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ojú-òpó rẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè rẹ. Kò ní èlé: iye tí wọ́n yá ọ ni wàá san. Wàá kàwé tán, wàá sin ilẹ̀ baba rẹ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ọdún méjì á tún kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, agbanisíṣẹ́ rẹ á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ. Bí o kò bá ríṣẹ́, wàá lọ búra ní kóòtù, wàá mú ìwé ìbúra náà fún wọn, wọ́n á fún ọ ní àsìkò sí i. Wọn ò gba ilé màmá rẹ ní ìdúró, torí náà kò sí ilé tí wọ́n máa wá gbà. Òfo ni ìlóṣòó. Ẹ sọ fún màmá pé òṣómàáló tìjọba kì í wá sílé, inú owó oṣù ló ń lóṣòó sí.

Ùmmù_Fátímà (Iléṣà)

Bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín. Èlé yẹn gan-an ló ń dà wá láàmú nínú ilé wa, bàbá àwọn ọmọ ní bí èlé bá wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo máa ka èyí fún wọn lálẹ́.

Kọ́lá_Áwò (Ifẹ̀, ọdún kẹta)

Ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn, owó ìgbọ́bùkátà. Yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé, wọ́n máa ń san ₦20,000 lóṣooṣù sínú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe dandan, ìwọ lo máa yàn án. Gbà á náà.

Bàbá_Tíṣà (Ẹnuwá)

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ náà rọra tẹ̀. Gbèsè ni ₦20,000 yẹn náà, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Mú bírò. Ká ní owó ilé-ìwé rẹ jẹ́ ₦150,000 lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin. ₦600,000 nìyẹn. Ká tún ní o gba ₦20,000 fún ọgbọ̀n oṣù láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. ₦600,000 míì nìyẹn. Gbèsè ti di ₦1,200,000. Bí owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ bá jẹ́ ₦100,000, ₦10,000 ni wọ́n máa yọ lóṣù. Ọgọ́fà oṣù, ọdún mẹ́wàá gbáko! Bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé nìkan lo gbà, ọdún márùn-ún ni. Ọdún márùn-ún tó kù yẹn, ẹ̀wà àti gààrí tó o jẹ ní ọmọ ogún ọdún lò ń san.

Kọ́lá_Áwò (Ifẹ̀, ọdún kẹta)

Ẹ má bínú sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, owó tí kò ní èlé, fífúyẹ́ ló ń fúyẹ́ lọ. ₦20,000 tí mo gbà ní ọdún kìíní mi, gààrí tó rà nígbà náà kò lè rà á mọ́ lónìí. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, ₦10,000 tí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù mi, bóyá kò ní tó owó ọkọ̀ láti Lágere dé Sábó. Òṣómàáló kankan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò jẹ́ yá èèyàn lówó báyìí, á ní orí yín dàrú ni.

Èkejì, ebi. Ní ọdún kìíní, kí n tó mọ̀ pé owó yìí wà, mo ń fi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní Àṣẹ́rífà. Aṣọ àwọn èèyàn ni mò ń lọ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà nínú lábù. Kọ́ọ̀sì kan já lé mi lórí, kẹ́mísírì. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí sẹ́yìn ní ọdún kan. Ṣé ẹ ti ṣírò iye tí ọdún kan sí i máa jẹ? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Bàbá_Tíṣà (Ẹnuwá)

O sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́, kí lo fi owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rà?

Kọ́lá_Áwò (Ifẹ̀, ọdún kẹta)

Fóònù ni sà 😅

Bàbá_Tíṣà (Ẹnuwá)

Ẹ̀n-ẹ́n.

Adé_Modákẹ́kẹ́

Hahaha, Bàbá ti mú un!

Ọ̀rọ̀ kan lórí àkáǹtì kí n tó gbàgbé. Mo kọ́kọ́ fi àpò owó orí fóònù sílẹ̀ fún wọn, àwọn tí nọ́ńbà fóònù ni nọ́ńbà àkáǹtì. Owó ìgbọ́bùkátà ò wọlé títí. Ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀ sí báǹkì gidi tó ti so mọ́ BVN mi ló tó wọlé. Má ṣe lo àkáǹtì màmá rẹ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ o, orúkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ohun míì ni pé ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtọrọ tirẹ̀. Má rò pé o tọrọ ní ọdún kìíní, ó ti parí.

Tóyìn_Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà (Èkó)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti sọ̀rọ̀ gbèsè títí, kò sẹ́ni tó dá ọmọ yìí lóhùn lórí èyí tí kì í ṣe gbèsè.

Àbúrò, sikọ́láṣíìpù wà. Mo kàwé ní Ifẹ̀, mo sì jẹ nínú rẹ̀. PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, máa ń fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì, àwọn iléeṣẹ́ epo náà ní tiwọn. MTN Foundation ní ti àwọn tó wà ní ọdún kẹta nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ìwé ìjọba, CGPA (ìwọ̀n èsì ìdánwò rẹ lápapọ̀) 3.5 ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, kò sì sí kọ́ọ̀sì tí ìyẹn ò gbà. O kò sọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ọ, sọ fún wa.

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo ojú ẹni tó wà ní ọdún kìíní. Ṣùgbọ́n ọdún kìíní ni wọ́n ti ń já a gbà. CGPA tó bá ṣubú ní sẹ̀mẹ́sítà méjì àkọ́kọ́, gbígbé e dìde le bí ojú ẹja. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3.1, ọdún méjì ni mo fi ń lé 3.5.

Lọ gba ìwé ìbílẹ̀ rẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ báyìí tí o ṣì wà nílé. Bí Ìlà-Oòrùn Iléṣà ni ẹ ti wá, Ìyémògún ni sẹkitéríàtì wọn wà. Bó bá jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, Èrèjà ni. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù kan ku ọ̀la kó tì, gbogbo ìwé pé, àfi ìwé ìbílẹ̀. Mo wọkọ̀ láti Ifẹ̀ ní ìdájí, òjò ń rọ̀, mo dé sẹkitéríàtì, wọ́n ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i lọ síbi ìsìnkú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Owó ọdún kan lọ báyẹn, nítorí ìwé ojú kan.

ỌmọỌ̀bọkún (Iléṣà)

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Maikirobáyọ́lọ́jì ni wọ́n fún mi, Àǹtí Tóyìn.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí màmá àgbà lálẹ́ àná. Iná ti lọ, fóònù ni mo fi ń tan iná tí mo tún fi ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá ní ìjọba ń lóṣòó sínú owó oṣù, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé eyín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní: "Tí ẹni tó yá a bá kú ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bi?" Wọ́n ní láyé bàbá àgbà, ọmọ ló ń jogún gbèsè, àwọn kan sì ti fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà rí nítorí rẹ̀.

Bàbá_Tíṣà (Ẹnuwá)

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Òfin náà fàyè gba kí wọ́n fojú fo gbèsè náà bí ẹni tó yá a bá kú. Kò sí ìwọ̀fà níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí i.

ỌmọỌ̀bọkún (Iléṣà)

Àmín sà. Wọ́n ti gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn kan wà: owó ilé-ìwé nìkan ni kí n gbà ní ọdún kìíní. Oúnjẹ, àwọn àti màmá mi á máa fi ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n bá ti rí i. Bí ebi bá fẹ́ já mi ní kọ́ọ̀sì bíi ti Bọ̀dá Kọ́lá, kí n wá sọ fún àwọn, a ó wá jọ tún un rò.

Wọ́n wá mú èédú, wọ́n fa ìlà kan sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn, níbi tí bàbá àgbà máa ń sàmì àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí. Wọ́n ní ìlà tèmi nìyẹn.

Àǹtí Lágere, mo kó àwọn ìwé mi jọ bí ẹ ṣe wí. NIN mi ní ọjọ́ kejìlá, ìwé ẹ̀rí ìbí àti JAMB ní ọjọ́ kọkànlélógún. Wọ́n kọ 12 dípò 21 ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí ma?

ÀǹtíLágere (Ifẹ̀)

Háà, mo sọ ọ́! Má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá. Tún NIN ṣe ná. Ìwé ẹ̀rí ìbí tó jẹ́ ti àjọ ìkànìyàn ni wọ́n máa béèrè, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ nílé ìwòsàn nìkan lo ní, tètè lọ ṣe èyí. Tí NIN bá ti jáde dáadáa, wo BVN náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti daakọ àṣìṣe yẹn.

Bí o bá wọ Ifẹ̀ kó tó parí, yà sí ọ̀dọ̀ mi. Má wá ní Mọ́ńdè, èrò máa ń pọ̀ jù.

Kọ́lá_Áwò (Ifẹ̀, ọdún kẹta)

Ẹ bá mi kí màmá àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ta fóònù yẹn.